Ojú Tí Mo Fi Rọ́pò Ojú Táyé

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún Alhaja Kẹ́hìndé lójú. Bí Ọlọ́run bá gbà, á tún máa ríran. Gbogbo agboolé wọn ní Beyerunka ló ń dúpẹ́. Èmi nìkan ni ọkàn mi kò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sí ẹ̀yin tí n kò mọ̀, tí ẹ kò sì mọ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

N kò jalè, n kò sì lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Àwòrán kan ni mo bà jẹ́, mo sì fi irọ́ tún un ṣe. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ẹlòmíì á ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ni. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí, kò ràn mí lọ́wọ́.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Òkè Padre. Bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù náà kó tó di tèmi. Láyé ìgbà tirẹ̀, bí Iléyá bá dé, àwọn èèyàn á tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun, àwọn onígbàgbọ́ náà á sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kérésì. Fọ́tò ni wọ́n ń pè é, àfi bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn. Èmi wá di Ọmọ Fọ́tò. Ewú ti bò mí lórí báyìí, Ọmọ Fọ́tò náà ni àwọn àgbà ìgboro ṣì ń pè mí.

Fóònù ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Gbogbo ayé ló ti di ayafọ́tò. Pásípọ́ọ̀tù àti fọ́tòkọ́pì ni mo fi ń gbọ́ bùkátà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ tí Dókítà Fọlákẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó ní iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi ni òun wá wò.

Kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Ìtàn ló ń kọ́ni ní yunifásítì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ fẹ́ gbé ètò kan kalẹ̀ fún ará ìgboro. Ó ní ìtàn Ìbàdàn tó wà nínú ìwé, ìtàn ogun àti ti olóyè ló pọ̀ jù, pé ìtàn àwọn èèyàn lásán wà nínú àpótí àwọn ìyá àgbà, bí wọ́n bá sì ti ń kú ló ń bá wọn lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni pé kí àwọn ará Bẹẹrẹ, Mápó, Ọjà'ba àti Beyerunka kó fọ́tò àtijọ́ wọn jáde. Wọ́n á gbé wọn kọ́ sínú gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Mápó, oníkálùkù á dúró níwájú tirẹ̀, á sì sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Kò sí owó ìwọlé, kò sì sí àga pàtàkì fún ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ràn ètò náà. Títí di ìsinsìnyí, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Kò ní bàbá ìsàlẹ̀ kankan. Mọ́ṣáláṣí yá wa ní àga, káfíńtà kan ní Pópó Yemọja fi pákó tirẹ̀ kan fírémù, ààfáà kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, àlùfáà wa náà sì kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Èmi yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù mi àti ẹ̀rọ tí a fi ń da àwòrán kọ sínú kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé fọ́tò jáde. Àwọn tó máa ń ṣe kàlẹ́ńdà ìdílé ti kó fọ́tò àwọn ará agboolé lọ rí, pé àwọn á dá a padà, àwọn ará ilé kò sì rí fọ́tò náà mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Bí Dókítà Fọlákẹ́ bá wọ agboolé kan pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á ṣàdúrà fún un, wọ́n á sì sọ pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí kò sí nílé.

Ó wá ní kí n máa tẹ̀ lé òun. Èmi ni mo ń wọ ojúlé dé ojúlé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi gbogbo kò yàtọ̀. Mo ní, "Èmi ni mo dúró fún un. Ọwọ́ mi lẹ máa gbà á."

Alhaja Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ gbà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Aṣọ àdìrẹ ló tà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ìpẹ́ funfun tó bò ó lójú. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ṣì ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, ó sì ń mọ̀ bí èèyàn bá dúró síwájú òun, ṣùgbọ́n kò dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, àfi ohùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ àbígbẹ̀yìn, Sìdí, ló ń tọ́jú rẹ̀.

Fọ́tò tó gbé jáde wà nínú fírémù onígíláàsì, ó fi ìborùn kan wé e. Kì í gbé e kọ́ ògiri. Sìdí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò rí i ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ láti kékeré, nítorí pé bí Alhaja bá ti yọ ọ́, ọjọ́ yẹn kì í jẹun. Alhaja àti Táyé, ìkejì rẹ̀, ló wà níbẹ̀. Ọmọ bíi ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lọ́jọ́ Iléyá tí wọ́n yà á. Wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Àárín Iléyá yẹn sí Iléyá kejì ni ibà gbé Táyé lọ. Kò tún sí fọ́tò rẹ̀ mìíràn níbikíbi.

Bàbá mi ló ya fọ́tò náà. Òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí tí Alhaja fi gbé e fún mi nìyẹn. Ó wá ọwọ́ mi kàn, ó gbé fírémù náà lé e, ó ní, "Bàbá ẹ ló yà á. Ìwọ náà ni wàá gbé e padà fún mi."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá."

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo wò ó dáadáa lábẹ́ iná. Gíláàsì rẹ̀ ti pọ́n, ọ̀rinrin sì ti wọ inú rẹ̀ láti àìmọye ọdún, fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Síbẹ̀ mo rí wọn. Kẹ́hìndé panu dé, ó tẹjú mọ́ ọ̀kánkán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́. Táyé ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o, ẹnu là sílẹ̀ gbayawu. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká, orí rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé. Láyé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. N kò mọ ìdí tí bàbá mi fi tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, ó ṣe é ṣe kó jẹ́ pé òun náà rẹ́rìn-ín.

Dókítà Fọlákẹ́ ti pè wá jọ ṣáájú ìgbà yẹn, gbogbo àwa tí a fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó sì kọ́ wa ní bí a ṣe máa tọ́jú fọ́tò ẹlòmíì. Ó sọ ọ́ yékéyéké. Ó ní, "Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má bó o. Ẹ yà á pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà."

Mo gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní sọ pé n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ń wò ó lọ́kàn mi pé kí ni obìnrin yìí mọ̀ nípa fọ́tò? Inú yàrá tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo rò ó pé bí mo bá yà á pẹ̀lú gíláàsì tó pọ́n yẹn, kò ní mọ́. Mo fẹ́ kí ti bàbá mi mọ́ ju ti gbogbo èèyàn lọ nínú gbọ̀ngàn náà, kí wọ́n lè béèrè pé ta ló ya eléyìí.

Mo gbé e sínú omi. Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí fọ́tò tuntun bá lẹ̀ mọ́ nǹkan. Mo gbàgbé pé fọ́tò tuntun kọ́ nìyí, ó dàgbà jù mí lọ. N kò tilẹ̀ kọ́kọ́ ya ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nàkọnà kí n tó fi sómi, ohun tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pàápàá kò ní ṣe.

Apá ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé ṣí kúrò dáadáa. Inú mi dùn, mo ń kọrin lẹ́nu. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Táyé, láti ọrùn rẹ̀ lọ sókè kò tẹ̀ lé ìyókù. Ó dúró sára gíláàsì. Mo fi ìka kàn án báyìí, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó bọ́ sómi, ó sì ṣàn lọ. Ohun tó kù sọ́wọ́ mi ni Kẹ́hìndé lódindi, aṣọ Táyé, ẹsẹ̀ rẹ̀, àti ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ Kẹ́hìndé. Ibi tí ojú rẹ̀ wà ti di funfun báláú.

Mo jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tó máa ń ba ọmọdé tó fọ́ àwo.

Mo tú gbogbo àpótí bàbá mi, bóyá mo lè rí fíìmù tó fi yà á. Ikán ti ṣe tirẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n lọ bá Alhaja lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sọ òótọ́. Mo tilẹ̀ wọ bàtà. Mo dé ìsàlẹ̀ òkè, mo sì padà.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àṣà kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, àwọn ilé tí ẹ̀sìn wọn kò gba ère ìbejì mọ́ a máa mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ayafọ́tò. Bàbá mi ṣe é fún ọ̀pọ̀ ìyá. Á ya ọmọ náà lápá ọ̀tún, á tún yà á lápá òsì, á sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí ẹni pé àwọn méjì ló jókòó. Èyí tó wà láyé ló ń fi ojú rẹ̀ yá èyí tó ti lọ. Ìyá á gbé e kọ́ ògiri, ọkàn rẹ̀ á sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Mo ní lọ́kàn mi pé bí kò bá ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nígbà náà, kò lè wá di ẹ̀ṣẹ̀ nísinsìnyí. Mo da fọ́tò náà kọ sínú kọ̀ǹpútà. Mo mú ojú Kẹ́hìndé, mo yí i padà kó kọjú sọ́wọ́ òsì, mo sì gbé e lé ọrùn Táyé. Mo gbìyànjú láti la ẹnu rẹ̀, kó lè rẹ́rìn-ín bó ṣe rẹ́rìn-ín. Ó burú débi pé n kò lè wò ó. Mo bá tún pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó dára, mo jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ kó lè dà bí ti àtijọ́, mo gbé e sínú fírémù tirẹ̀, mo sì ra gíláàsì tuntun sí i.

Èyí tó bà jẹ́, mo fi sínú dúrọ́ọ̀ mi. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ọjọ́ tí a ṣí gbọ̀ngàn náà, èrò tó wá kò níye. N kò rò pé ará ìgboro lè fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn alápatà wá láti Ọjà'ba pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn wọn. Àwọn ọmọ iléèwé wá. Bàbá arúgbó kan rí ìyá rẹ̀ nínú fọ́tò tí agboolé mìíràn gbé wá, ó sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń wò ó. Dókítà Fọlákẹ́ ń rìn káàkiri, ó bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Èmi ni mo ń ya gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èyí tó bọ́ sí mi dáadáa, nítorí kámẹ́rà máa ń bo ojú èèyàn.

Nígbà tó kan Alhaja Kẹ́hìndé, Sìdí mú un lọ́wọ́ dé iwájú fọ́tò rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi kan gíláàsì.

Ó ní, "Táyé mi rè é. Fọ́tò ní ká panu dé, ká má mira. Èmi panu dé. Táyé ò gbà. Ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo àlàfo eyín ẹ̀ níwájú."

Gbogbo ojú lọ sára fọ́tò. Ọmọ méjì ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì panu dé.

Mo gbọ́ ìró fáànù. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn alápatà yẹn fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaja. Ó ń rẹ́rìn-ín." Ẹlòmíì náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń rẹ́rìn-ín dáadáa. Àwọn obìnrin dá sí i, wọ́n ní ẹ̀rín ìbejì dùn. Wọ́n rò pé ogbó ló ń da ìyá láàmú, wọ́n kò fẹ́ kójú tì í. Gbogbo èèyàn inú gbọ̀ngàn náà bá mi parọ́ nítorí pé wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí, n kò sì lè sọ fún wọn pé ìyá kò ṣàṣìṣe.

Alhaja ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fọwọ́ pa gíláàsì lórí. Kí ẹ máa wò ó, ojú ara rẹ̀ ló ń fọwọ́ pa.

Sìdí nìkan ni kò dá sí i. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó béèrè bóyá fọ́tò yẹn gan-an ni mo dá padà. Mo ní òun ni, pé mo kàn fọ̀ ọ́ ni. Ó ní òun rántí eyín kan tó ká, ṣùgbọ́n ó ṣe é ṣe kó jẹ́ pé ẹnu màmá òun ni òun ti gbọ́ ọ. Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì, Yemetu ló ń lọ.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí n kò jẹ́wọ́ fún Dókítà Fọlákẹ́, ó kéré tán. Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé fọ́tò náà sórí ìwé ìpolongo ètò wọn. Ó tún ní kí n wá kọ́ àwọn ará Yemetu bí mo ṣe fọ̀ ọ́ tó fi mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ. Mo dúró níwájú wọn, mo ní ohun àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n má ṣe bó fọ́tò tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àwáwí tí mo ń ṣe fún ara mi ni pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, kò sí agboolé kankan tó tún máa gbé fọ́tò sílẹ̀, ètò tó ń ṣe aráàlú láǹfààní á sì fọ́. Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, n kò ní tàn yín. Orúkọ mi ni mò ń dáàbò bò. Ọmọ Fọ́tò tó ba iṣẹ́ Fọ́tò jẹ́, n kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Èyí tó dùn mí jù ni Alhaja fúnra rẹ̀. Ó ti di alátìlẹ́yìn ètò náà. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe é ní ìgboro, wọ́n á gbé àga fún un níwájú. Bí àwọn ìyá mìíràn bá ń lọ́ tìkọ̀, òun ló máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù, pé tòun dọ̀tí nígbà tó ń lọ, ó sì mọ́ nígbà tó padà dé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ó ti bá mi dúró fún ohun tí n kò lè dúró fún.

Ní ti àṣà tí mo fi bojú, ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Nínú èyí tí bàbá mi ń ṣe, ìyá mọ̀. Ìyá ló mú ọmọ rẹ̀ wá, ìyá ló ní kó yà á lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló yan irọ́ tó máa tù ú nínú. Èmi ni mo yàn án fún Alhaja, òun kò sì fún mi láṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ló wá kàn báyìí. Ó ti tó ìgbà tí Sìdí ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n ṣí ìpẹ́ náà. Kò gbà. Ó ní ohun tó yẹ kí òun rí láyé, òun ti rí i. Ó wá di ọjọ́ kan, Dókítà Fọlákẹ́ lọ kí i, ó sì fi ṣeré pé ìyá, ṣé ẹ ò wá fẹ́ fojú yín rí Táyé ni, bó ṣe mọ́ tó báyìí? Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, Alhaja ti ní kí Sìdí lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn.

Ó ránṣẹ́ pè mí lánàá. Mo bá a lórí ẹní ìrun, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò náà wà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dá a padà, kì í wé e mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i. Ó ní kí n jókòó sí tòsí òun.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tú báńdéèjì, ìwọ ni mo fẹ́ kó o gbé fọ́tò yìí dání fún mi. Ojú Táyé ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Mo ti ń gbàgbé ẹ̀, Ọmọ Fọ́tò. Ohùn ẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ojú yẹn náà ló kù."

Mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó rò pé inú mi ló dùn. Ó ṣàdúrà fún bàbá mi pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mo sì ṣe àmín.

Sìdí sìn mí dé ojúde. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, màámi ò ṣe iṣẹ́ abẹ yìí nítorí ẹnikẹ́ni, àfi Táyé. Wọ́n sì ti sọ fún wa nílé ìwòsàn pé tí wọ́n bá ti ṣe é tán, kò gbọdọ̀ sunkún, kò gbọdọ̀ fọwọ́ nu ojú. Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe." Ó wọlé lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyẹn. Bí mo bá sọ fún un kí wọ́n tó ṣe é, kò ní lọ mọ́, màá sì ti tún gba ojú tirẹ̀ náà mọ́ ti Táyé. Bí mo bá dúró di ìgbà tí wọ́n bá ṣe é tán, á rí i fúnra rẹ̀ pé ara òun lẹ́ẹ̀mejì ni òun ń wò, á sì sunkún lásìkò tí kò yẹ kó sunkún. Bí mo bá sì sá, tí n kò yọjú lọ́jọ́ náà, ẹlòmíì ló máa gbé e dání. Èyí tó burú jù ni pé bóyá kò tilẹ̀ ní dá irọ́ náà mọ̀. Ó ti ń gbàgbé. Ó lè wò ó, kó ní áà, Táyé panu dé lóòótọ́, èmi ni mo ń ṣì í rò láti ìgbà yìí.

Ìyẹn ni n kò fẹ́. Mo ti gba ẹ̀rín náà lára fọ́tò, n kò fẹ́ gbà á lọ́kàn rẹ̀.

Mo yọ èyí tó bà jẹ́ láti inú dúrọ́ọ̀ lónìí. Mo gbé méjèèjì kalẹ̀ síwájú mi, nítorí mo tẹ èyí tí mo ṣe ní ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Ọ̀kan ní ojú méjì, irọ́ sì ni ọ̀kan nínú wọn. Èkejì kò ní ju ojú kan lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó kù lára rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, títí dé ọwọ́ Táyé tó di ọwọ́ Kẹ́hìndé mú ṣinṣin.

Mo ti wo ojú yẹn lábẹ́ iná lọ́jọ́ tí mo gbà á. Bóyá èmi nìkan ló kù láyé tó lè sọ fún Alhaja bó ṣe rí gan-an. Eyín iwájú ló ká, lápá ọ̀tún. Orí rẹ̀ tẹ̀ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé. Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nítorí ẹ̀rín. Ẹni tó pa á rẹ́ náà ló wá di ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì tàbí tí ẹ jẹ́ ìbejì, mo bẹ̀ yín, n kò ní kí ẹ bá mi wí àwáwí. Ṣé kí n sọ fún un kí wọ́n tó ṣí i lójú, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Èwo nínú àwòrán méjì yìí ni kí n gbé dání? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Alhaja ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i pé ẹ̀rín Táyé ni òun ń lọ wò.